Omi Tí A Kọ̀ Láti Pọn Ní Ìkàrẹ́

N kò mọ ọdún tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọyẹ́ tó tẹ̀lé ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ọyẹ́ náà mú débi pé a kì í rí orí òkè Ọ̀kà, ìlú wa, láàárọ̀. Òun ló kó ikọ́ bá àwọn ọmọ ọwọ́. Bọ́sẹ̀dé, àkọ́bí mi, kò tíì lè jókòó nígbà náà. Imú rẹ̀ dí, ó ń mí gúlegúle, ìhà rẹ̀ ń wọnú, kò sì lè mu ọmú. Bàbá rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́.

Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í pariwo, gbọ́ àyà rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀dé, abẹ́rẹ́ kò ran irú ikọ́ yìí. Yóò lọ fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá lè fara dà á. Kí á máa nu imú rẹ̀, kí á gbé e dúró sáyà, kí á máa fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀. Bí èémí bá fẹ́ wọ́n ọn, afẹ́fẹ́ inú ìgò irin wà tí a ó fi ràn án lọ́wọ́."

Mo dúpẹ́. Mo rò pé èmi ni yóò máa ṣe é.

Sísítà, olórí nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ yàrá àwọn ọmọ, gba Bọ́sẹ̀dé lọ́wọ́ mi.

"Ìyá kì í wọbí. Ẹ óò rí i ní ìrọ̀lẹ́."

"Sísítà, ọmú ńkọ́?"

"A ní fídà. Òfin ni."

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀ fún gbogbo àwọn ọmọ náà! Ọwọ́ ni ìtọ́jú tí dókítà kà ń fẹ́. Àwa tí a lọ́wọ́, wọ́n tì wá síta. Àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Afẹ́fẹ́ inú ìgò, tiwọn ni. Ọmú, tiwa ni. Ta ló ní kí ọ̀kan lé èkejì?

Ẹ tún gbọ́. Táǹkì wọn máa ń gbẹ lọ́yẹ́, nítorí náà Sísítà ń lu agogo láràárọ̀ kí àwa ìyá lọ pọn omi lódò. Omi tí a pọn ń wọlé. Àwa tí a pọn ọ́n kò gbọdọ̀ wọlé.

Èmi àti Rábíátù, ìyàwó aránṣọ kan ní Ìkàrẹ́ tí ọmọkùnrin rẹ̀ wà nínú yàrá náà, la jọ ń sùn lórí ẹní kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó máa ń fi èdè mi ṣẹ̀fẹ̀: "Ará Ọ̀kà, ṣé ò ń bá mi jà ni àbí ò ń kí mi?" Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi etí lé fèrèsé.

"Ohùn ọmọ mi nìyẹn. Ebi ń pa á."

Ó kan ilẹ̀kùn. Sísítà ní, "Gbogbo ọmọ ló ń sunkún." Ó ń kàn án títí ohùn náà fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọkùnrin náà fún un, ó ti kú. Omi ọmú sì ti rin bùbá Rábíátù gbingbin. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, agogo omi dún. A dojú garawa délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a jókòó lé e. Garawa kan péré la pọn kún. Mo ní, "Ti àwọn ọmọ nìyí. Àwa fúnra wa la ó gbé e dé ìdí bẹ́ẹ̀dì wọn."

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì bẹ̀ wá: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣàánú mi, n ò tíì bọ́jú."

Ẹnì kan nínú wa ní, "Bàbá, ẹ fi itọ́ bọ́ ọ."

Sísítà jáde pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ̀yin ará oko! Ẹni tí kò bá pọnmi, kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé."

Bọ́sẹ̀dé kò lè dé Ọ̀kà láàyè. Àwọn obìnrin kan ti ń dìde, wọ́n ń wá òṣùká wọn. Ìgbà yẹn ni Rábíátù wọlé ní géètì, tòun ti garawa lórí.

Sísítà ní, "Ìwọ, o ò lọ́mọ níbí mọ́. Kí lò ń wá?"

"Omi mi. Èyí tí mo pọn sínú táǹkì yín títí dàná. Ẹ bù ú fún mi, kí n máa lọ."

Ó gbé garawa òfìfo náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Àwọn tó dìde tún jókòó.

Dókítà, tó ti ń wò wá láti orí àtẹ̀gùn, ní, "Sísítà, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Dókítà, òfin..."

"Ẹ ṣí i."

Mo gbé Bọ́sẹ̀dé sáyà. Mo nu imú rẹ̀. Ó mu ọmú díẹ̀, ó sinmi, ó tún mu. Díẹ̀díẹ̀ ni ìhà rẹ̀ fi dẹ́kun wíwọnú.

Wọn kò ti ìyá síta níbẹ̀ mọ́. Èrè tí a jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ Rábíátù títí ó fi kú. Dókítà tó mọ ohun tó tọ́, kí ló ń dúró dè? Ó di kí ọmọ kan kú! Inú ṣì ń bí mi.

Mo sọ fún Bọ́sẹ̀dé àti àwọn àbúrò rẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo ṣílẹ̀kùn yẹn. Obìnrin tí ọmọ tirẹ̀ kò sí nínú ilé náà mọ́ ló ṣí i. Mo ní, ọjọ́ tí kò bá sí ọmọ tiyín nínú ilé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé garawa yín lọ síbẹ̀.