Bí Fọláhànmí Ṣe Fẹ́ Fi Bàálù Gbẹ̀san

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Fọláhànmí fi fẹ́ di sójà tó ń wa bàálù, kó má wulẹ̀ bi í nípa ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Kò ní in. Ọkùnrin kan ló ń wá. Ọlátúnjí ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ sójà rẹ̀ lọ́jọ́ tó ní kí Tíṣà Jacob, bàbá Fọláhànmí, fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ní oríta Sẹ̀kọ̀nà.

Ẹ̀ṣẹ̀ Tíṣà ò ju pé ọ̀kadà tó gbé e ya mọ́tò sójà sílẹ̀ lọ. Ọlọ́kadà ti fẹsẹ̀ fẹ, bàbá arúgbó tí kò lè sáré ni wọ́n rí mú. Wọ́n ní kó lóṣòó, kó fi ọwọ́ méjèèjì di etí mú, kó máa fò. Àwọn tó ń ta iṣu létí títì, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níwèé, ń wò ó. Ẹnì kan tiẹ̀ fi fóònù yà á, ojú ò tì í. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi sọ ọ́ ní Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, Tíṣà ò sì dìde ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Tíṣà ní òun ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Fọláhànmí ò fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tó fi wà ní yunifásítì, ohun kan ló ń rò: òun á di ọ̀gá sójà, òun á wá Ọlátúnjí kàn, òun á mú un padà wá sí Sẹ̀kọ̀nà, á sì fò títí eékún rẹ̀ á fi yẹ̀. Bó bá ti rò ó débẹ̀, inú rẹ̀ a dùn.

Àfi bí Àǹtí Mojọlá, àbúrò ìyá rẹ̀, ṣe bá a rí àyè níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń wa bàálù èrò. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá síbẹ̀ náà ni àwọn sójà pè é fún àyẹ̀wò. Ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ mú.

“Fọlá, bàálù èrò ló dáa,” ni àǹtí rẹ̀ wí. “Ẹnikẹ́ni ò ní rán ẹ lọ sógun.”

“Ẹ ṣé, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ṣé Ọlátúnjí máa kí mi ní sàlúùtì nínú bàálù èrò?”

Àǹtí Mojọlá kàn mirí.

Lọ́jọ́ Sunday, Bámidélé, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Fọláhànmí tó ti di ọ̀gá sójà, yà wá láti kọ́ ọ bí yóò ṣe dáhùn ìbéèrè àwọn sójà. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, kò tíì bọ́ aṣọ sójà. Tíṣà ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí bàtà sójà ń dún bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Kò gbójú sókè wo ẹni tó ń bọ̀. Ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lóṣòó, ó di etí mú.

“Bàbá, èmi ni! Bámidélé ni!”

Tíṣà ò gbọ́. Ó ti fò lẹ́ẹ̀kan kí Fọláhànmí tó dì mọ́ ọn.

Inú tó bí Fọláhànmí lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní Ọlátúnjí wà nítòsí ni, eyín ni ì bá fi gé e jẹ. Ṣùgbọ́n ó wá yé e pé bí òun bá wọ irú aṣọ yẹn wálé, bàbá òun á máa lóṣòó fún òun.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ó sọ fún Bámidélé. “Bàálù èrò ni mo máa wà.”

Lálẹ́, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ wúre fún un.

“Gbogbo ẹni tó bá wọ bàálù ẹ á délé láyọ̀.”

“Àmín, Bàbá.”

“Bó bá jẹ́ Ọlátúnjí ló wọ̀ ọ́, wàá gbé òun náà délé láyọ̀.”

Láti ọjọ́ Sẹ̀kọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu Tíṣà rí. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ó ń retí àmín. Ìyá Fọlá, tó jókòó sítòsí, ló bá ọmọ rẹ̀ ṣe àmín nígbẹ̀yìn.

Fọláhànmí dìde, ó ń rò ó lọ́kàn: Kí Ọlátúnjí ṣáà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ná.