Okùn Tí Míìsì Fi Yí Wa Ká

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń já ewé ẹ̀fọ́, èmi àti Fìsáyọ̀, ọmọ ọmọ mi, sì ń tàkúrọ̀sọ. Mo sọ fún un pé igi ìbẹ́pẹ wa ti ga ju òrùlé ilé lọ, pé àfi kí a wá ẹni tí yóò gé e kó tó wó lù wá. Ọmọ náà, tí kò tíì ju kíláàsì kejì lọ, wo igi, ó wo òrùlé, ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ọwọ́ mi ti gbéra. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tan ara yín jẹ, tiyín náà ìbá ti gbéra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dé ibi tó ń lọ, torí pé ìbéèrè yẹn ti kó ìgbátí bá ẹnì kan lójú mi rí, ó sì ti pẹ́ gan-an.

Ùsò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní agboolé kan tó kọjú sí títì tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ní nǹkan bí ọdún 1978, kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ọmọ sì wá. Àga kò tó, a fún ara wa mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn ń gbé àpótí ìdáná ìyá wọn wá láti ilé, àwọn kékeré sì ń kàwé lábẹ́ máńgòrò. Nílé, ulé ùwé là ń pè é lẹ́nu tiwa. Tí a bá ti wọ ọgbà, ó di ilé ìwé, torí àwọn tíṣà kò fẹ́ gbọ́ èdè Ọ̀wọ̀ sétí.

Orin ni ìṣirò jẹ́ fún wa nígbà náà. Tíṣà á fi pàṣán lu tábìlì, àwa á máa kọ táìmù tébùlù tẹ̀lé e, láti orí túù títí dé orí tuẹ́ẹ̀fù, ohùn wa á sì dé ọ̀nà odò. Mo mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, kí n má purọ́. Àmọ́ bí ẹ bá dá mi dúró láàárín, àfi kí n padà lọ bẹ̀rẹ̀ orin láti orí rẹ̀. Tinúkẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé agboolé, kò mọ orin náà rárá. Òun ló máa ń jẹ pàṣán jù nínú kíláàsì wa, gbogbo ayé sì gbà pé orí rẹ̀ kò gba ìwé.

Nígbà tí a dé kíláàsì karùn-ún ni wọ́n gbé tíṣà tuntun kan wá fún wa, obìnrin tí à ń pè ní Míìsì. Ọmọ Ifọ̀n ni, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, bàtà rọ́bà ló sì máa ń wọ̀ wá. Ó gbé àpò ràfíà kan dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a sì ń retí kí ẹgba yọ níbẹ̀. Ohun tó yọ ni ìdérí ìgò, ìdì igi ìgbálẹ̀, páálí ìṣáná, àti okùn gígùn kan, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga. A rò pé okùn náà ló fẹ́ máa fi nà wá.

Míìsì kì í sọ ìdáhùn. Bí o bá gbà á, bí o bá kùnà, ojú kan náà ni yóò fi wò ọ́, yóò sì bi ọ́ pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ìwọ ni yóò to ìdérí ìgò tàbí igi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ títí ojú gbogbo kíláàsì yóò fi rí ohun tí o wí. Ó máa ń bí mi nínú. Èmi tí mo mọ orin, kò sẹ́ni tó ń ní kí n kọrin mọ́! Ṣùgbọ́n Tinúkẹ́ á kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa to igi ìgbálẹ̀ rẹ̀ ní mẹ́fà mẹ́fà, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta díẹ̀, nígbà tó bá sì gbójú sókè, á ti rí i. Ẹnu ya gbogbo wa.

Ní ọjọ́ kan, Míìsì kó wa jáde sí pápá. Ó so orí okùn náà pọ̀ mọ́ ìdí okùn, ó ní kí ọmọ mẹ́rin di igun mẹ́rin mú kí wọ́n sì fà á le, kí àwa yòókù wá jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jìnnà síra wọn dọ́gba, ó kù díẹ̀ kí gbogbo kíláàsì wọlé tán. Ó wá ní kí àwọn tó di okùn mú sún, kí méjì súnmọ́ra níhìn-ín, kí méjì súnmọ́ra lọ́hùn-ún, títí okùn náà fi gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà oko. Ariwo sọ. Bí a ti ń ti ara wa ni à ń ṣubú síta, nígbà tó yá, ìlà kan ṣoṣo ló kù nínú okùn, èmi sì wà níta, yanrìn kún ẹnu mi.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Míìsì wí. "Ṣé mo gé okùn ni?"

Ọmọkùnrin kan ní Míìsì ti fi oògùn sí i. Tinúkẹ́ wo okùn náà yíká. Ó ní okùn kò dín, inú rẹ̀ ló dín. Míìsì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Tinúkẹ́ nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí níta, ó ní, "Ẹni yìí, inú ló wà lẹ́ẹ̀kan." Èmi ni ẹ̀rí.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Bàbá Tinúkẹ́ ti kú nígbà òjò tó ṣáájú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ìyá Tinúkẹ́ ni ìyàwó kékeré, ọmọ Ute ni. Ilẹ̀ oko olóògbé náà ni wọ́n fẹ́ pín sí méjì, kí ọmọ ìyàálé mú ọ̀kan, kí ọmọ ìyàwó mú ọ̀kan. Mo gbọ́ tí ìyá Tinúkẹ́ ń sọ fún ìyá mi pé bí ilẹ̀ náà kò bá tó gbin iṣu tí àwọn ọmọ òun yóò jẹ, òun yóò kó wọn padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn òun ní Ute. Ute kò jìnnà lójú àgbà. Lójú èmi tí n kò kọjá Ọ̀wọ̀ rí, bí ẹni pé wọ́n ń gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sí òkè òkun ni.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó jẹ́ olórí agboolé wa, ló pín ilẹ̀. Olóòótọ́ ènìyàn ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó jẹ ẹ̀tọ́ òun rí. Iye ebè ni àwọn àgbẹ̀ wa fi ń mọ bí oko ṣe tó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ti sinmi pẹ́, ó ti di igbó, kò sí ebè níbẹ̀ tí a lè kà. Ó wá lo okùn. Ó la ọ̀nà yí àwọn ilẹ̀ méjèèjì ká, ó sì fi okùn kan náà wọ̀n wọ́n lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ṣe ojúsàájú. Lọ́jọ́ tó pè wá jọ sí ojúde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ya ilẹ̀ méjèèjì sórí yanrìn. Ti ìyàálé wà lẹ́bàá ọ̀nà, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ti ìyá Tinúkẹ́ tẹ̀ lé etí odò, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, pèrègún ló sì gbìn ṣe ààlà láàárín wọn.

"Okùn kan náà ló yí méjèèjì po," ni Bàbá Àgbà wí. "Kò séyìí tó ju èkejì."

Tinúkẹ́ dìde láàárín àwa ọmọdé. Ó ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Gbogbo àgbà tó wà ní ojúde yíjú sí i. Àwọn àgbà wa fẹ́ràn láti máa pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé náà gbọ́n lójú wọn ná! Ìyá rẹ̀ gan-an ló gbá a létí. "Ọma yìí! Wo fẹ́ pa mí?" ló ń wí, ẹkún sì wà nínú ohùn rẹ̀. Bàbá Àgbà kò pariwo. Ó kàn bi Tinúkẹ́ pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Tinúkẹ́ sì ní Míìsì ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà àti àgbà méjì mìíràn gúnlẹ̀ sí ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé ń làágùn, ó ń wá àga káàkiri. Míìsì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú yanrìn. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé òun lòun kọ́ ọmọ náà, òun kò sì kọ́ ọ délẹ̀. Kò sọ pé wọ́n ṣì í. Ó kàn bẹ Bàbá Àgbà pé kó bá òun di igun okùn kan mú kí òun fi ohun tí òun ń kọ́ wọn hàn án, torí pé ọmọ tó máa ń dì í mú kò wá lónìí. Irọ́ ni. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lanu sílẹ̀.

Bàbá Àgbà di okùn mú. A wọ inú rẹ̀, a jókòó, okùn sún, a ṣubú síta bíi ti àkọ́kọ́. Ó wo àwa tí a wà níta, ó wo àwọn tó kù nínú. Ó ní, "Ẹ tún un ṣe." A tún un ṣe. Ó fi ìka rẹ̀ tọ okùn náà láti orí dé ìdí, bóyá ó ń wá ibi tí wọ́n ti gé e. Lẹ́yìn náà ó gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ulé ùwé yín yìí, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí ohun tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ìyá Tinúkẹ́ sì ń di ẹrù. Ìtìjú ló pọ̀ jù fún un, ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ. Ó ní òun kò lè máa gbé agboolé tí ọmọ òun ti tàbùkù àgbà. Wọ́n ti bá awakọ̀ tó ń lọ sí Ute sọ̀rọ̀. Tinúkẹ́ kó ìdì igi ìgbálẹ̀ tó fi ń ṣírò fún mi, ó ní kí n máa lò ó. Mo sunkún, n kò lè jẹun, ìyá mi sì rò pé ibà ni, ó fún mi ní àgbo.

Nígbà tí ìrìnàjò náà ku ọjọ́ kan, Bàbá Àgbà ti oko dé lọ́sàn-án, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Èmi àti Tinúkẹ́ wà ní ìdí kànga. Ó dúró, kò wo ojú wa, ó ní, "Wí fún yèyé ẹ kó lọ wo oko rẹ̀ kó tó gbé ẹrù." A tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Bàbá Àgbà ti fa pèrègún ààlà tu, ó ti gbìn ín sókè réré, sínú ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti ìyàálé. Ilẹ̀ etí odò kò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá Tinúkẹ́ jókòó sórí kùkùté, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbá.

Wọn kò lọ sí Ute. Ìyàálé kò kí Bàbá Àgbà dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá sì bi Bàbá Àgbà pé kí ló dé tó fi sún ààlà, ìdáhùn rẹ̀ ni pé odò máa ń kún, òun fi ilẹ̀ gbígbẹ dí i fún wọn ni. Odò yẹn kò kún rí. Ohun tó ń sọ nìyẹn títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ.

Míìsì kọ́ wa ní ohun tó kù. Ó ní bí ó bá jẹ́ àgbà ni a fẹ́ bi, kí a kúnlẹ̀, kí a wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí kí èmi náà lè mọ̀ ọ́n." Ìbéèrè kan náà ni, a kàn wọ aṣọ fún un. Nígbà tí ọdún ìwé parí, wọ́n gbé Míìsì lọ sí ilé ìwé mìíràn, pàṣán padà sórí tábìlì, àwa náà padà sídìí orin. Tinúkẹ́ nìkan ni kò kọrin mọ́. Ó di tíṣà nígbà tó dàgbà, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀wọ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a lọ sin ín, mo rìn dé oko náà. Pèrègún Bàbá Àgbà ti di ọgbà, ó ga jù mí lọ, mo sì dúró níbẹ̀, mo sunkún ọ̀rẹ́ mi.

Ilé ìwé Fìsáyọ̀ ní fáànù, ìwé wọn ní àwòrán aláràbarà. Tébùlù ni wọ́n ṣì ń kọ lórin, fóònù ìyá rẹ̀ ló ń dá a, ọmọ ń gbè é.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Àìkú yẹn, mo gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Mo ní kó lọ tú okùn tí a ń sá aṣọ sí wá. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, òjìji ilé àti ti ìbẹ́pẹ nà gbọọrọ sórí ilẹ̀. Mo bi í pé kí ni a lè fi okùn ṣe. Ó ronú pẹ́, èmi náà mú sùúrù, kò sì rọrùn fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé oòrùn kan náà ló ń ràn sí àwọn méjèèjì, kí a wọn òjìji. A wọn òjìji ilé, a ta kókó sí i. A wọn ti igi. Kò dé ibi kókó.

Fìsáyọ̀ wo okùn, ó wo ojú mi. Ó ti wà lórí ahọ́n mi láti wí pé afẹ́fẹ́ ló tẹ igi náà. Mo rántí odò tí kò kún rí. Mo ní, "Mo ṣì í, ọmọ mi. Ilé ló ga jù." Ó sáré wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé, ó ń wí pé Màmá kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, pé àwa méjèèjì la jọ wá a rí.