Òṣùpá tí Wọ́n Nù bí Eruku

Aṣọ ni mò ń fọ̀ lágbàlá wa ní àdúgbò Zongo nígbà tí àbúrò ọkọ mi obìnrin sáré jáde.

"Ìyàwó, wá wo nǹkan! Màmá ti bá ọ nu àwòrán rẹ. Ó ń dán báyìí!"

Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi tí mo fi wọlé.

Odò Ọya ni mo yà, bó ṣe máa ń rí nígbà tí òṣùpá bá yọ, pẹ̀lú àwọn igi abúlé Lamordé ní òdìkejì odò. Ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ni mo lò. Olùkọ́ mi àtijọ́, obìnrin òyìnbó Faransé kan, ló fún mi, ó sì ní kí n yàgò fún àwọ̀ tó ń tàn yòò. Mo po aró mọ́ dúdú, mo fi àwọ̀ eérú pa á. Òṣùpá gan-an, inú ìkùukùu ni mo fi í sí. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, torí ọ̀dà yẹn kì í tètè gbẹ, ọmọ mi kì í sì í tètè sùn.

Lọ́jọ́ Ajé ni olùkọ́ náà máa gbé e lọ han ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òyìnbó mìíràn tó ń kọ́ wọn ní àwòrán níbẹ̀ ń lọ sílé, wọ́n sì ń wá obìnrin dúdú sípò rẹ̀. Bí àwòrán mi bá wu ọ̀gá, iṣẹ́ di tèmi.

Mo bá ìyá ọkọ mi lórí ìjókòó, àkísà tó ń rùn kẹrosíìnì lọ́wọ́ wọn. Lásìkò ọyẹ́, kò sí ohun tí wọn kì í nù: àga, fèrèsé, orí ọmọ.

"Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Eruku ni mo bá ọ nù. Ó ti pẹ́ tó ti rí bàìbàì. Bí àlejò bá wọlé ńkọ́? Kí wọ́n ní ọ̀bùn ni ìyàwó mi?"

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Màmá. Alẹ́ ni."

"Alẹ́ wo ló dọ̀tí tó báyìí? Wò ó, òṣùpá rẹ ti wá hàn."

Ó hàn lóòótọ́. Kẹrosíìnì ti tú ọ̀dà náà, wọ́n sì ti nù ún kan aṣọ funfun tí mo ya àwòrán sí. Omi ti dàpọ̀ mọ́ igi bí ọbẹ̀ tó dànù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ó ṣe mí bíi kí n gba àkísà náà kí n fà á ya.

Olùkọ́ mi dé lọ́jọ́ Ajé, ó wo àwòrán náà, ó mí kanlẹ̀. Ọ̀gá kò lè dúró kí n ya òmíràn. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbà.

Ọmọ mi, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tẹjú mọ́ mi. "Ṣé Màmá àgbà ló bà á jẹ́?"

"Àwọn ni," mo ní. "Inú sì ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ire ni wọ́n rò. Lọ kí wọn. Bí o bá sì tún rí wọn nídìí ohun tí mo yà, sáré wá pè mí."