Ògiri Igi Wietske

Nígbà tí Wietske Bonnema àti Sjoerd ọkọ rẹ̀ kó wọ ilé bíríkì tó gbẹ̀yìn abúlé, nítòsí ìlú Dokkum, kò sí nǹkan kan lẹ́yìnkùlé wọn ju koríko, ebè pòtétò mẹ́rin àti okùn ìsáṣọ lọ. Afẹ́fẹ́ òkun ń gba orí pápá bọ̀ láìsí ohun tó dá a dúró. Sjoerd ló ń fi ọkọ̀ gbé wàrà láti oko àwọn tó ń sin màlúù. Wọn ò bímọ. Wáyà lásán ló pààlà àwọn àti ilé kejì, kò sì ga ju ìbàdí lọ. Aukje, opó tó fi ọdún mẹ́wàá ju Wietske lọ, ló ń gbé ibẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀, á na kọ́ọ̀bù kọfí sí Wietske lórí wáyà.

"Ọmọ yìí, wo ṣòkòtò ọkọ rẹ bó ṣe ń jó lórí okùn. Ó mọ̀ ọ́n jó ju ẹni tó ni ín lọ."

"Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ o. Ó jó níbi ìgbéyàwó wa."

"Mo wà níbẹ̀. Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní ijó?"

Ọdún kẹtàdínlógún tí wọ́n débẹ̀ ni Sjoerd kú sínú ọkọ̀ wàrà. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ó ti rọra pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó tó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Wietske ò mọ ohun tí òun ó máa fi ọwọ́ òun ṣe. Ó mú ṣọ́bìrì, ó tú ebè pòtétò ká, ó gbin òdòdó rósì síbẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún kejì ó gbẹ́ adágún omi kékeré. Lọ́dún kẹta ó lọ ṣa ìkarahun létí òkun, ó tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà tó yí adágún náà ká. Nígbà tí àwo ìgbéyàwó rẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó sì fi sìmẹ́ǹtì lẹ àfọ́kù rẹ̀ mọ́ ara bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń ṣẹ́ rósì rẹ̀. Nítorí náà, lọ́dún kẹrin, ó gbin igi wẹ́wẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n lè hù di ògiri.

Aukje dúró, ó ń wò ó. "Ṣé èmi lò ń dínà mọ́ báyìí?"

"Afẹ́fẹ́ ni o. Tó bá ti dé èjìká, màá máa gé e."

"Èjìká tìrẹ àbí tèmi? Èmi ti ń kúrú lọ ní tèmi."

Igi náà dé èjìká lóòótọ́. Rósì nàró, ọgbà pa rọ́rọ́, Wietske ò sì fẹ́ gé igi náà mọ́. Igi dé orí, ó kọjá orí. Aukje wá ń gba ojú títì gbé kọfí wá, kọfí á sì ti tutù kó tó dé. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di ọdún tuntun nìkan, nígbà tó yá kò wá mọ́. Wietske ò kíyè sí i. Iṣẹ́ kì í tán nínú ọgbà.

Àwọn oníwèé ìròyìn wá ya fọ́tò ọgbà náà. Lóṣù kẹfà, àlejò á wọlé ní Sátidé, wọ́n á ní ó rẹwà, wọ́n á lọ. Tí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde, Wietske á ti géètì, á ní, "Ó dáa náà." Ohùn ara rẹ̀ á sì ṣàjèjì létí ara rẹ̀.

Lóṣù kẹwàá ọdún kan, rósì pupa kan ṣàdédé tanná nínú òtútù. Wietske yíjú padà láti pe ẹnì kan kó wá wò ó. Igi ló rí. Ó gbé àkàbà àti ayùn, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta gé ògiri náà wálẹ̀ títí ó fi dé ìbàdí. Ìgbà náà ló rí i pé kò sí kọ́tìnì lójú fèrèsé Aukje, koríko sì ti dé orúnkún lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ó kọjá sí òdìkejì títì, ó bi Jelmer tó ń kan bàtà.

"Aukje kẹ̀? Ó ti tó oṣù márùn-ún tí wọ́n ti mú un lọ sílé àwọn arúgbó ní Dokkum. Ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo ọkọ̀ tó wá kó ẹrù ni?"

Ó gbọ́ ọ. Òkúta ló ń tò lọ́jọ́ náà, kò gbójú sókè.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ bọ́ọ̀sì lọ. Aukje jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, aṣọ wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi," Wietske wí.

"Mo sọ. Mo dúró lẹ́yìn igi yẹn, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì rẹ. Mo rò pé ìwọ náà ń gbọ́ mi."

"Ẹ dárí jì mí."

"Jókòó. Kí ló wà nínú ọgbà yẹn gan-an? Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti rí i kẹ́yìn."

Wietske bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọgbà náà láti ẹnu géètì. Aukje ti sùn lọ kó tó dé ìdí adágún, àmọ́ ó sọ ọ́ dópin bẹ́ẹ̀ náà.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń lọ, títí Aukje fi kú lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Tọkọtaya kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Leeuwarden ló ra ilé rẹ̀, ọmọlúàbí ni wọ́n. Ọkọ wá bá Wietske nídìí igi lọ́jọ́ kan.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, ṣé ẹ lè jẹ́ kí igi yìí tún ga? Àwa méjèèjì fẹ́ràn ká dá wà láyè ara wa."

"Mi ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Fúnra rẹ̀ ló ń ga."

Ó dúpẹ́, ó wọlé. Wietske náà wọlé lọ fọwọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, igi náà ti dé àyà rẹ̀.