Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ọmọ mi tú kúrò nínú ewé

Ọmọ mi dójú ti àbúrò mi lónìí, inú ṣì ń bí mi.

Àbúrò mi obìnrin gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ọdún wá láti ìlú Kaboua, ó fi ewé dì í. Ọmọ mi tú u lójú rẹ̀, ó ń kó o sínú ọ̀rá dúdú.

Mo ní, “Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Bàbá, àlejò ń bọ̀. Ewé ò bójú mu. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa?”

Òótọ́ ni. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, mo máa ń fi ọmọ tó bá gbé oúnjẹ inú ewé wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rá ló wá dí gọ́tà wa pa báyìí.

Àbúrò mi ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún tó ń bọ̀, màá ra bisikíìtì.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, báwo ni kí n ṣe bẹ̀ ẹ́ tí yóò tún fi gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé wá?