Ìyá Àwọn-Wo àti Àtẹ Irinwó Ọmọ

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, nígbà tí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni dókítà tuntun tó wá ṣe olórí ọ́fíìsì ìlera kọ́kọ́ bá Ìyá Àwọn-Wo pàdé. Yàrá ìṣirò ló ti bá a, bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pín fọ́ọ̀mù ìwádìí sí òkìtì òkìtì lórí ilẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti lò níbẹ̀. Bí ènìyàn bá ní àwọn ọmọ ń ṣàìsàn, èsì rẹ̀ kì í ju "Àwọn wo?" lọ, ibẹ̀ ni ìnagijẹ náà ti bá a.

Dókítà kò bá àwàdà wá. Ilé ìwòsàn méjì ni ọ́fíìsì náà ń bójú tó, ọ̀kan létí odò, ọ̀kan lókè, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní kó ti èyí tí kò ṣe dáadáa pa kí oṣù tó parí. Wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́ ìyá irinwó ọmọ, igba níhà kọ̀ọ̀kan. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ọgbọ̀n ló ṣàìsàn létí odò, mọ́kànlélógún péré lókè. Lẹ́tà ìtìpa ti wà nínú àpò dókítà. Ìfọwọ́sí ló kù. Ó ka iye náà fún Ìyá Àwọn-Wo.

"Àwọn wo?" ni màmá wí, kò gbójú sókè.

Akọ̀wé àgbà tó tẹ̀ lé dókítà rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé nọ́ọ̀sì etí odò ni àbúrò tí màmá fi owó oṣù rẹ̀ rán níléèwé. "Màmá, ṣé ìṣirò ló ń sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹ̀jẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀wé kà, ọmọ mi. Ẹ jókòó."

Ó ya àtẹ: ilé ìwòsàn méjèèjì lóòró, aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le ní ìbú. Ṣùgbọ́n kó tó ka ẹyọ kan, ó fi ìbéèrè kan ṣáájú: omi wo ni ọmọ ń mu? Àtẹ kan fún àwọn oníkànga, òmíràn fún àwọn tó ń mu omi ẹ̀rọ. Nínú igba ọmọ etí odò, ọgọ́jọ ló jẹ́ oníkànga. Lókè, ogójì péré. Nígbà tó ṣírò wọn sí ọgọ́rùn-ún, oníkànga márùndínlógójì ló ṣàìsàn létí odò, márùndínláàádọ́ta lókè. Nínú àwọn olómi ẹ̀rọ, mẹ́wàá létí odò, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lókè.

Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àtẹ méjèèjì, ibi tó fẹ́ tì pa ló ń ṣe dáadáa jù. Àwọn tí omi kànga ń dà láàmú ló kàn pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé àgbà fi imú fínlẹ̀ nínú àwọn òkìtì náà, ó tún wọn kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pé géérégé.

"Màmá, mo gbà. Ẹ̀jẹ̀ kọ́."

Dókítà fa lẹ́tà náà ya. Ìwé tó kọ rọ́pò rẹ̀ ń béèrè omi ẹ̀rọ fún àdúgbò etí odò. Nígbà tó dìde, ó béèrè ohun tí ọ́fíìsì lè fi yẹ́ màmá sí.

"Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń fi Àwọn-Wo ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá yìí, kó hàn gàdàgbà."