Ulé Uyán Grace

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó dúró sójú títì ní Ìkéré, tó gbé fóònù sókè tó ń ya pátákó ògbólógbòó, tí ọlọ́kadà ń fun fèrè mọ́ ọn pé kó kúrò lọ́nà, èmi ni. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Bó bá di Sátidé, mo máa ń ya pátákó onígbàjámọ̀ tí òjò ti fọ orí tí wọ́n yà sí i nù, kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà Ìṣẹ́, àti àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Mo máa ń fi wọ́n sórí Wásáàpù àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé. Wọ́n á ní, "Ṣọlá, o ṣeun, o gbé wa padà sílé." Orí mi á wú.

Kí n má purọ́, ìyìn yẹn ló bà mí jẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo ya pátákó búkà kan tó ti kógbá sílé. ULÉ UYÁN GRACE ni wọ́n kọ sí i. Gbogbo Ìkéré ló ń pe ilé ní ulé. Ìyá tó bí mi kò pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, ọwọ́ tíṣà kì í dilẹ̀. Mo fi pupa yí U méjèèjì ká lórí fóònù bí ẹni ń máàkì ìwé, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá wo àkọtọ́ ará oko." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwọn tó wà ní Kánádà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì pa fọ́tò àkọ́kọ́ tí kò ní pupa rẹ́ kí fóònù lè ráyè.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo tún gba ibẹ̀ kọjá. ILÉ IYÁN GRACE ni mo rí. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ họ U méjèèjì, wọ́n fi ọ̀dà dúdú tuntun kọ I síbẹ̀, tín-ín-rín, láàárín àyè ńlá tí U fi sílẹ̀.

Bàbá Bọ́lárìnwá, tí mo wá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun ló kọ pátákó náà, jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pátákó àtijọ́ láti Ìkéré dé Ẹmùré. Mo ti ya tó ogójì nínú wọn, n kò bèèrè orúkọ ẹni tó kọ wọ́n rí. Mo kí i, mo ní tíṣà ni mí, mo bèèrè ohun tó ṣe pátákó, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Glory, ọma mi obìnrin, ló pè mí láti Àkúrẹ́," ó ní. "Ó ní wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín lórí fóònù pé n kò mọ̀ ọ́n kọ. Ojú ń tì í. Mo bá tún un ṣe."

Ó nawọ́ sí I tuntun náà.

"Ìbàdàn ni mo ti kọ́ uṣẹ́. 'Ilé' ni ọ̀gá mi ní kí n máa kọ, 'ilé' náà ni mo kọ́kọ́ kọ sí pátákó yìí. Grace ìyàwó mi ní kí n kà á fún òun. Ó ní ta ló ń jẹ́ ilé? Ó ní ulé lòun ń gbé, uyán lòun ń gún. Mo tún un kọ. Kò kàwé rárá, ṣùgbọ́n ó mọ U. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, á fọwọ́ kàn án, á ní, 'U mi rè é.' Títí ukú fi mú un lọ."

Mo ti fóònù mi bọ àpò.

"Wọ́n ní fọ́tò pátákó náà wà lórí fóònù," ó ní. "Tíṣà, bá mi wá a. Mo fẹ́ rí U rẹ̀."

Mo lè purọ́. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi. Mo yọ fóònù, mo ṣí fọ́tò náà, mo gbé e fún un.

Ó nà án jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. Ó fi ìka tọ pupa náà yípo, ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èkejì.

"Pupa tíṣà rè é," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Èyí tí kò ní pupa ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́, bàbá. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Màá ra ọ̀dà wá, kí ẹ tún U kọ."

"Ẹni tí mo kọ ọ́ fún ti lọ. Ta ni yóò fọwọ́ kàn án?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Níbo lo ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Ulé ni, bàbá." Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Ó dá fóònù padà fún mi. "Lọ fi pupa yí ẹnu rẹ náà ká."